Pòròpórò àgbàdo: ṣé ká sun ún ni, ṣé ká fi bo ilẹ̀, àbí ká fi sílẹ̀ fún màlúù?

Bí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, ojú ọ̀run a máa pọ́n lálẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kábà lọ sí Ìsánlú lóru á rí ìlà iná tó ń gun òkè bí ejò, á gbọ́ bí koríko gbígbẹ ṣe ń ta pàù pàù lẹ́bàá títì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fídíò rẹ̀ á ti wà lórí WhatsApp, àwọn ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwé tó wà nílé àti lẹ́yìn odi á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnìkan á ní ọdẹ ló dá a. Òmíràn á ní darandaran ni. Ẹni kẹta á ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù, pé àgbẹ̀ ló ń sun pòròpórò àgbàdo rẹ̀ tí iná fi ré kọjá ààlà.

Láti ọdún mélòó kan wá, ohùn mìíràn ti wọ inú awuyewuye yìí. Àwọn tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ń sọ pé ká yé sun pòròpórò, ká fi bo ilẹ̀, nítorí òjò kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ajílẹ̀ sì ti wọ́n. Ọ̀rọ̀ wá pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń pe sísun ní àìmọ̀kan. Àwọn kan ń fèsì pé àwọn tí kò di ọkọ́ mú rí ni wọ́n fẹ́ kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́. Òótọ́ wà lọ́wọ́ apá méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ ọ́ jù bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ṣé iná kan náà ni gbogbo iná tí à ń rí?

Rárá, ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Iná ọdẹ sábà máa ń jó láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, nígbà tí koríko ti gbẹ tí wọ́n fẹ́ lé ọ̀yà àti òkété jáde. Àwọn darandaran náà a máa dáná sí koríko gbígbẹ kí ewé tútù lè yọ fún màlúù. Iná àgbẹ̀ ló sábà máa ń gbẹ̀yìn, lápá ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó bá ń tún oko ṣe de òjò. A kò tíì ka ti ẹni tó lọ fa oyin tí kò pa iná tán, tàbí ti ẹni tó ju sìgá sẹ́bàá ọ̀nà.

Nínú fídíò, gbogbo wọn jọra. Lórí oko, ìdí wọn yàtọ̀, ẹni tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀. Iná àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí jù, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé a kò lè yọ àwọn iná yòókù kúrò níbẹ̀.

Kí ló kù lóko lẹ́yìn tí a bá kórè àgbàdo?

Ọmọdé tó bá mọ àlọ́ mọ̀ pé ìhòòhò ni àgbàdo lọ sóko, igba aṣọ ló fi bora bọ̀. Aṣọ yẹn, èyí tí à ń pè ní háhá, wà lára ohun tó ń ṣẹ́ kù. Pòròpórò tó gbé ọmọ dúró wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀, kùkù náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yín in tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kùkù sábà máa ń bá wa délé, ó ń di igi ìdáná.

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n nígbà tó ti gbẹ, hóró tí à ń tà kó nǹkan bí ìdajì, ìyókù kó ìdajì. Ẹni tó kórè tọ́ọ̀nù méjì hóró lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn éékà méjì àbọ̀, ti fi bíi tọ́ọ̀nù méjì tàbí díẹ̀ lé sílẹ̀ lóko. Tọ́ọ̀nù méjì yìí sún mọ́ ohun tí àgbẹ̀ Nàìjíríà ń rí ní ìpíndọ́gba. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí orí iye yìí ni àríyànjiyàn máa padà wá bà lé.

Ilẹ̀ Òkun kì í ṣe aṣálẹ̀. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ?

Òótọ́ ni pé Kábà kì í ṣe Sókótó. Òjò tó ń rọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi lọ́dún lé ní mìlímítà 1,000, ó tó àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni bó ṣe ń rọ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́. Oṣù bíi márùn-ún tó kù, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Nínú àsìkò òjò fúnra rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ lè tan àgbẹ̀ jẹ: ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àgbẹ̀ gbin, òjò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, èèhù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sì ká ewé jọ bí ẹni tí òtútù mú. Bí ìdáwọ́ yẹn bá bọ́ sí ìgbà tí àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ìkórè ti lọ nìyẹn.

Ilẹ̀ wa kún un. Orí àpáta àtayébáyé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Òkun wà, bí àwọn òkè tó yí Kábà ká ṣe ń fi hàn. Iyanrìn ló pọ̀ lójú ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì nípọn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í di omi mú pẹ́. Nítorí náà, ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì lórí oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lè ṣe ìpalára tí ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kan kò ní ṣe ní àkùrọ̀.

Kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sun ún?

Iṣẹ́ ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó ní éékà mélòó kan, tí kò rí katakata háyà, tí owó alágbàṣe sì ju agbára rẹ̀ lọ, kò sí ohun tó yá tó ìṣáná lójú rẹ̀. Láàárín ọ̀sán kan oko ti mọ́. Pòròpórò tó bá wà nílẹ̀ a máa dí ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ebè, a sì máa há sí irin katakata. Ejò àti àkekèé ń sá sábẹ́ rẹ̀. Iná tún ń jó hóró èpò tó wà lójú ilẹ̀. Àwọn ìdí wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ jáwọ́ nínú iná gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí yóò fi dípò wọn.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn bàbá wa sun igbó, ilẹ̀ sì gbè wọ́n. Kí ló wá yí padà? Ilẹ̀ sinmi nígbà tiwọn. Wọ́n á dáko sójú kan fún ọdún díẹ̀, wọ́n á ṣí lọ síbòmíràn, igbó á sì padà bo ibi tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ọkọ́ tó tún kàn án. Iná tí wọ́n dá lẹ́yìn ìyẹn jó ewé àti ẹ̀ka igi ọdún mẹ́wàá, eérú rẹ̀ nípọn, gbòǹgbò sì ṣì wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ojú kan náà ni à ń dá lọ́dọọdún, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Pòròpórò oṣù mẹ́rin ni iná ń rí jó. Àṣà náà kò yí padà, ilẹ̀ tó gbé àṣà náà ró ni kò sí mọ́.

Ṣé eérú kì í ṣe ajílẹ̀ ni?

Ajílẹ̀ ni. Gbogbo àgbẹ̀ ló ti rí i pé ibi tí òkìtì pòròpórò ti jóná ni àgbàdo ti máa ń dúdú jù. Eérú ń fi pọtáṣíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù.

Ohun tí kò ṣẹ́ kù sínú eérú ni náítírójìn, èyí tí àgbàdo ń béèrè jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá èéfín lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ì bá jẹrà di ilẹ̀ dúdú. Èyí tó kù nínú eérú náà kò ní ìdánilójú: afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gbé e, ọ̀gbàrá òjò àkọ́kọ́ lè wọ́ ọ lọ sódò. Ibi dúdú kan yẹn sì ń tan ojú jẹ. Ohun tó wà ní gbogbo oko ni a kó jọ sójú kan kí a tó sun ún. Ohun tí ibẹ̀ jèrè, ibòmíràn ló pàdánù rẹ̀.

Bí a bá fi bo ilẹ̀, kí ló ń ṣe gan-an?

Omi ni kókó ibẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, ẹ̀kán omi ń lu iyanrìn bí òòlù. Erùpẹ̀ kúlẹ́kúlẹ́ á dí ihò tí omi ì bá gbà wọlẹ̀, ojú ilẹ̀ á dì, á le bí pẹpẹ. Òjò tó bá tún rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò ní ráyè wọlé mọ́, á di ọ̀gbàrá, á sì gbá ilẹ̀ tó lọ́ràá jù sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oko ẹ̀gbẹ́ òkè fi lè gba òjò ńlá lánàá, kó sì tún máa gbẹ lọ́tùnla.

Pòròpórò àti ewé tó bá wà nílẹ̀ ló ń gba ìlù yẹn. Omi ń rọra wọlẹ̀, oòrùn kì í fà á jáde kíákíá. Ooru náà ń dín kù: lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò lè gbóná kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ó sì lè jó èèhù láti ìdí. Ekòló àti ikán ń rí oúnjẹ. Ikán tí à ń bú yìí, ihò tó ń gbẹ́ ni omi ń gbà wọlẹ̀.

Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa èyí ní ilẹ̀ olóoru ti jáde. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó wá láti Íńdíà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, láti ọdún 1970 sí 1987. Ó wọn iye ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń gbé lọ lórí oko tí a bò àti èyí tí a kò bò. Ohun tó rí ni pé bí a bá fi tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà pòròpórò tàbí koríko bo hẹ́kítà kan, ọ̀gbàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé ohunkóhun, kódà lórí ilẹ̀ tó dagun. Ní ọdún 2020 ni wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ.

Ẹ wá padà sí tọ́ọ̀nù méjì tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àgbẹ̀ tó kórè tọ́ọ̀nù méjì kò ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin pòròpórò tó lè fi bo ilẹ̀, kódà bí màlúù, ikán àti iná kò bá fọwọ́ kàn án. Èyí ni òkodoro tí àwọn tó ń polongo bíbo ilẹ̀ kì í sábà sọ. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá jù, tó nílò ìbora jù, òun ni pòròpórò rẹ̀ kéré jù.

Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí ilẹ̀ bá bò pátápátá kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fi ìdá 30 nínú 100 ojú ilẹ̀ ṣe ìpín tó kéré jù nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fi ń dáàbò bo ilẹ̀. Tọ́ọ̀nù bíi méjì lè dé ibẹ̀, bí ó bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí òjò bá dé. Ọ̀rọ̀ gbogbo wà nínú “bí ó bá ṣì wà” yẹn.

Ṣé ẹni tó bá bo ilẹ̀ kò ní ra ajílẹ̀ mọ́?

Irọ́ ni èyí, ó sì lè ba àgbẹ̀ jẹ́. Tọ́ọ̀nù kan pòròpórò ní nǹkan bíi kílò 6 sí 9 náítírójìn nínú. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kan, oní kílò 50, tí ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, ní kílò 7.5. Nítorí náà tọ́ọ̀nù méjì pòròpórò dà bí àpò méjì NPK tí a bá ń sọ ti náítírójìn, kì í sì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ àgbàdo ní ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà ni kílò 120 náítírójìn lórí hẹ́kítà, pẹ̀lú kílò 60 fọ́sífétì (fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì) àti kílò 60 pọ́táàṣì (pọtáṣíọ̀mù). Ẹ ṣírò rẹ̀: àpò NPK mẹ́jọ, àti ajílẹ̀ yúríà tó lé ní àpò méjì àbọ̀. Àgbẹ̀ mélòó ló ń ra ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e? Díẹ̀ ni. Síbẹ̀, àpò méjì kò lè rọ́pò mẹ́jọ.

Ibi tí pòròpórò ti lágbára ni pọ́táàṣì. Tọ́ọ̀nù méjì rẹ̀ lè dá nǹkan bí ìdajì ohun tí àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ nílò padà sílẹ̀. Ó sì ń ran ajílẹ̀ tí a rà lọ́wọ́, nítorí ilẹ̀ tó ní ohun jíjẹrà nínú ń di ajílẹ̀ mú kí òjò má baà ṣàn án lọ. Ẹyẹ kì í fapá kan fò. Ẹni tó rà á tí kò bo ilẹ̀, àti ẹni tó bo ilẹ̀ tí kò rà á, apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń fò.

Mo gbìyànjú rẹ̀, àgbàdo mi pọ́n. Kí ló fà á?

Ọ̀pọ̀ ló ti fi èyí jáwọ́, ó sì dùn mí, torí ohun tó ní àlàyé ni. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú ilẹ̀ ló ń jẹ pòròpórò títí yóò fi jẹrà, àwọn náà sì nílò náítírójìn láti ṣe iṣẹ́ wọn. Pòròpórò gbígbẹ kò ní púpọ̀. Bí a bá fi káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ wé náítírójìn inú rẹ̀, ó sábà máa ń ju 50 sí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti lé ní 30 sí 1 lè mú kí ẹ̀dá inú ilẹ̀ fa náítírójìn tó wà ní sàkáání rẹ̀. Wọ́n á já a gbà mọ́ àgbàdo lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kú, wọ́n á dá a padà, ṣùgbọ́n àgbàdo kò lè dúró dè wọ́n.

Ohun tó ń dín èyí kù ni kí pòròpórò wà lójú ilẹ̀ dípò kí a rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí a fẹ́ gbìn gẹ́lẹ́, àti kí ajílẹ̀ àkọ́kọ́ má pẹ́ lẹ́yìn gbígbìn. Pípààrọ̀ ohun ọ̀gbìn tún ṣe pàtàkì. Ewé àti igi ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí sóyà ní náítírójìn púpọ̀ ju ti àgbàdo lọ, ó ń jẹrà kíákíá. Sóyà tún ń tan hóró Striga, èpò afòmọ́ tó ń fa gbòǹgbò àgbàdo mu, láti hù níbi tí kò ti ní rí ohun tí yóò rọ̀ mọ́, ó sì ń kú síbẹ̀.

Kòkòrò ńkọ́? Ṣé sísun kọ́ ló ń pa wọ́n?

Apá yìí ni àwọn tó ń sun oko ti ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Busseola fusca, ń sùn sínú pòròpórò gbígbẹ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ló ń jí i. Pòròpórò tó dúró sójú kan títí di oṣù kẹrin jẹ́ ilé fún un. Èbu tó ń fa àfìlátọ́síìnì, májèlé inú hóró, náà lè gbé lára ìdọ̀tí oko.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná nìkan ló ń lé kòkòrò yìí. Bí a bá gé pòròpórò lulẹ̀ kété lẹ́yìn ìkórè, tí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú oòrùn ọyẹ́, ooru àti gbígbẹ á pa púpọ̀ nínú ìdin tó wà nínú rẹ̀. Dídúró ni ewu rẹ̀ wà. Ní ti kòkòrò ajẹwé (fall armyworm) tó wọ Nàìjíríà ní 2016, sísun pòròpórò kò lè ṣe púpọ̀ sí i, nítorí inú ilẹ̀ ló ti ń yí padà di labalábá òru, ó sì ń fò láti ibi jíjìn wá. Ní oṣù kìíní 2024 ni ìjọba fọwọ́ sí àgbàdo TELA, tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà láti kojú kòkòrò méjèèjì àti ọ̀gbẹlẹ̀; awuyewuye tirẹ̀ tún dá wà.

Ta ló ni pòròpórò lẹ́yìn ìkórè?

Ìbéèrè tó gbóná jù nìyí. Lójú darandaran, oko tí wọ́n ti kórè jẹ́ pápá ìjẹko. Nígbà tí koríko ti gbẹ tàbí tí iná ti jó o, ewé àgbàdo ni oúnjẹ tó kù. Ní àtijọ́, àdéhùn wà láàárín àwọn àgbẹ̀ kan àti àwọn darandaran: màlúù á jẹ ìyókù oko, ìgbẹ́ wọn á sì di ajílẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ kò kéré. Màlúù sì máa ń jẹ ewé ju igi lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé apá kan pòròpórò á ṣẹ́ kù.

Lójú àgbẹ̀, àdéhùn yẹn ti bàjẹ́. Oko wa kì í ṣe àgbàdo nìkan. Ẹ̀gẹ́ tó máa lo ju ọdún kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màlúù kò sì mọ ààlà. Pátákò wọn ń tẹ ilẹ̀ le. Àgbàdo ìgbẹ̀yìn lè má tíì wọlé tán kí agbo tó dé. Ìbẹ̀rù tó wà lórí ọ̀nà oko náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti pòròpórò lásán mọ́. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ ń sun oko wọn kí màlúù má baà ní ìdí láti yà síbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní oṣù keje 2024, wọ́n sì ní títún ìjẹko ṣe wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Kí nìdí tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò fi fẹnu kò?

Nítorí pé ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kò jọra. Ìwádìí kan tó jáde nínú Nature, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2015 kó èsì ìwádìí 610 láti orílẹ̀-èdè 63 jọ. Ó rí i pé kí a má tú ilẹ̀ rárá, èyí tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ bíbo ilẹ̀, ń dín ìkórè kù ní ìpíndọ́gba, bí ìdá 6 nínú 100. Ṣùgbọ́n ní ibi gbígbẹ tí òjò nìkan ń bọ́ ọ̀gbìn, bí a bá fi bíbo ilẹ̀ àti pípààrọ̀ ọ̀gbìn kún un, ìkórè ń lé bí ìdá 7. Ẹni tó bá mú gbólóhùn kan nínú méjèèjì lè fi ja ìjà tó bá wù ú.

Ní 2009, Ken Giller, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ìlànà yìí kò ní rọrùn fún àgbẹ̀ kékeré ní Áfíríkà. Wọ́n ní pòròpórò kò tó, ẹran ń bá a dù ú, ẹni tí kò tú ilẹ̀ sì ní láti ro oko púpọ̀ sí i tàbí kó ra oògùn apakoríko. Ìyẹn tún le sí i lọ́dọ̀ wa: NAFDAC ti gbẹ́sẹ̀ lé páráákúàtì láti oṣù kìíní 2024, wọ́n sì kéde pé àtíràsíìnì, tí àgbẹ̀ àgbàdo mọ̀ jù, náà gbọ́dọ̀ lọ.

Ìwọ̀-oòrùn Kogi wà láàárín: kò gbẹ tó ibi tí èrè bíbo ilẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì tutù tó ibi tí kò ti wúlò. Lójú tèmi, orí oko ẹ̀gbẹ́ òkè àti ilẹ̀ iyanrìn ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ní àkùrọ̀ tí omi ń dúró sí, ìbora tó pọ̀ lè mú kí ìdí àgbàdo rà.

Kí ni ẹni tí kò bá fẹ́ sun ún lè ṣe?

Ọ̀nà tó sún mọ́ àṣà wa jù ni ti poro. Kí a kó pòròpórò tí a gé sáàárín ebè méjì lẹ́yìn ìkórè, kí a sì la ebè lé e lórí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu ti ń rì koríko sínú rẹ̀ tipẹ́, nǹkan kan náà ni. Lórí ilẹ̀ tó dagun, kí a tò ó ní ìbú, kó dábùú ọ̀nà omi. Ẹni tó ní ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù lè pò ó pọ̀ sínú kòtò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni fún oko tó ju éékà kan lọ.

Àwọn kan ń dábàá mùkúná, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ara, láti pa èékan àti láti bo ilẹ̀. Ní gúúsù Benin, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà á tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, púpọ̀ nínú wọn sì tún fi í sílẹ̀, nítorí pé ènìyàn kì í jẹ hóró rẹ̀ bí ẹ̀wà, kò sì rọrùn láti tà.

Ẹni tó gba ilẹ̀ dáko fún ọdún kan péré ní ìṣòro mìíràn. Ta ló máa bo ilẹ̀ tí ẹlòmíràn máa kórè lórí rẹ̀?

Kí ló wà nílẹ̀ tí a lè pàdánù?

Owó àkọ́kọ́. Ní oṣù keje 2024 ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ 150 tí wọ́n lè fi kó àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsan owó ibodè, kí oúnjẹ lè rọ̀. Ní 2025, àwọn àgbẹ̀ figbe ta pé owó àgbàdo ti já, ti ajílẹ̀ kò sì já tẹ̀ lé e. Nínú irú ìṣírò bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá dá àpò kan padà sílẹ̀ ní ìtumọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káṣú. Kogi wà lára ìpínlẹ̀ tí káṣú ti ń jáde jù ní Nàìjíríà, ìgbà tí iná ń jà jù sì ni igi rẹ̀ ń tanná, tó ń so. Iná tó ti oko àgbàdo ẹnìkan jáde lè jó igi tí bàbá ẹlòmíràn gbìn ní ogún ọdún sẹ́yìn, ẹjọ́ rẹ̀ á sì dé ààfin.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó tẹ́ pòròpórò rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá ti fi ohun tó gbẹ jù sójú ọ̀nà iná. Bí ọdẹ tàbí aládùúgbò bá dáná, oko tirẹ̀ ló máa jó jù, àdánù rẹ̀ á sì ju ti ẹni tó ti sun tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sun oko wọn lọ́wọ́ àárọ̀, kí iná ẹlòmíràn má baà bá a. Ohun tó ń yí ìṣirò yẹn padà ni kí àwọn tí oko wọn jọ pààlà jùmọ̀ la ọ̀nà iná yí i ká ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, nígbà tí koríko ṣì tutù: kí wọ́n ro ó títí yóò fi kan erùpẹ̀, kí wọ́n sì gbá ewé inú rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọyẹ́ bá ti já ewé igi sílẹ̀.